Ọwọ́ Tó Pa Sísọ́ọ̀sì Dé

Ojú wọn ṣe mẹ́rin níbi gbàǹjo aṣọ, lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Ilé ìtajà aṣọ kan ní àárín ìlú ló ń palẹ̀ mọ́. Wọ́n da gbogbo ìyókù aṣọ wọn sórí tábìlì gígùn kan, èrò sì ya bò ó bí omi òjò. Ìgúnpá ń gbá ìgúnpá, bàtà ń tẹ bàtà. Ọmọbìnrin tí ìtàn yìí jẹ́ tirẹ̀ na ọwọ́ gba abẹ́ apá obìnrin sísanra kan kọjá, ó sì di etí aṣọ funfun kan mú, aṣọ dídán tí wọ́n máa ń rán sínú kóòtù. Ó fà á, aṣọ ò wá. Ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ó tún fà á. Ẹnì kan ń fà á pa dà ní òdìkejì tábìlì. Ó gbójú sókè pẹ̀lú èébú lẹ́nu, ṣùgbọ́n kí ó tó bú u jáde, èébú náà ti yọ́ dànù.

Ọkùnrin kan ni. Ó ga débi pé orí rẹ̀ yọ láàárín èrò bí òpó iná. Kò rẹ́rìn-ín, kò bínú, ó kàn ń wò ó bí ẹni tó ń ka ìwé tó dùn, tí kò sì fẹ́ kí ojú ìwé náà tán.

"Ẹ máa mú un," ni ọkùnrin náà wí. "Ọwọ́ yín ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀."

"Rárá o, tiyín ni."

"Mo ní kí ẹ máa mú un."

Obìnrin sísanra tó wà láàárín wọn pòṣé. "Ẹ̀yin méjèèjì yìí, bí ẹ bá fẹ́ fẹ́ra yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àwa ráyè ra aṣọ."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì ju aṣọ sílẹ̀. Èrò gbé e lọ. Ọmọbìnrin náà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá aṣọ mẹ́ta lọ́wọ́. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi rí oorun gidi sùn.

Bọ́tìnì ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin yìí níbi iṣẹ́. Ọdún karùn-ún rèé tó ti ń fi ọwọ́ rán bọ́tìnì, tó ń ká etí aṣọ, tó sì ń já òwú tó bá yọ, ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ obìnrin kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìyá Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló fún un ní orúkọ náà. Ìyàwó Tísà, tó jókòó sídìí máṣínì kìíní, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní láyé òun, òun kò rí ẹni tí wọ́n de bọ́tìnì mọ́ lẹ́nu tó báyìí rí. Bí wọ́n bá bi ọmọbìnrin náà pé kí ló fẹ́, á ní èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́. Bí ooru bá mú un, kò ní sọ pé kí wọ́n ṣí fèrèsé. Á máa sún àga rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi bá ara rẹ̀ lójú fèrèsé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ níta, inú àwọn ìwé ìfẹ́ pélébé tó ń kà ló ti ń bá wọn pàdé. Níbẹ̀, ọmọbìnrin a máa sọ̀rọ̀ bí odò tó kún, ọkùnrin a sì máa gbọ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé gbàǹjo yẹn, Ìyá Ọ̀gá ní agéṣọ tuntun ń bọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, ẹnì kan sì tẹ orí ba kó lè ríbi wọlé. Òun ni. Bọ́tìnì ń fi ọwọ́ rán aṣọ funfun ọjọ́sí sínú kóòtù oníbàárà kan lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kí gbogbo ilé tán, ó wá dúró níwájú rẹ̀.

"Ó dáa tí aṣọ wa délé láyọ̀," ló wí.

Aṣọ *wa*. Abẹ́rẹ́ gún Bọ́tìnì níka, kò tilẹ̀ mọ̀.

"Ẹ wo bó ṣe gùn," ni Bàbá Áyọ́ọ̀nù wí láti kọ̀rọ̀ tó ti ń lọ aṣọ. Àgbàlagbà ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dàgbà. "Gígùn ni màá máa pè é. Bí iná àjà bá kú, a ò nílò àkàbà mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di márùn-ún: Ìyá Ọ̀gá, Bàbá Áyọ́ọ̀nù, Ìyàwó Tísà, Bọ́tìnì àti Gígùn. Ìyá Ọ̀gá ló ń lo máṣínì kejì, máṣínì kẹta ṣì ṣófo. Ìyá Ọ̀gá ti ṣèlérí fún Bọ́tìnì pé bí oṣù yìí bá parí, ọmọbìnrin náà ni yóò jókòó sídìí rẹ̀. Ọdún márùn-ún ló ti ń wo máṣínì náà bí ẹni tó ń wo ọkọ àfẹ́sọ́nà.

Àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà tí kò sí níbòmíràn. Wọn kì í gé aṣọ tuntun láìjẹ́ pé gbogbo wọn pé sídìí tábìlì. Nígbà kan rí, àwọn òṣìṣẹ́ méjì jà lórí ọ̀rọ̀ kọ́là, wọ́n bú ara wọn dórí bàbá tó bí wọn, àwọn oníbàárà dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́n ń wòran, wọn ò sì pa dà wá mọ́. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ọ̀gá ní òun ò fẹ́ ariwo. Bí aṣọ tuntun bá dé, yóò ṣàlàyé bí òun ṣe fẹ́ kí wọ́n gé e, yóò ní, "Ó dọwọ́ yín," yóò sì kọjú sí fèrèsé. Kálukú á gbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sórí tábìlì, á dorí kodò kó má baà wo ti ẹlòmíràn. Bó bá fara mọ́ ọn, á pa ẹnu sísọ́ọ̀sì náà dé. Bó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, á là á sílẹ̀. Bí ẹyọ kan péré bá là nígbà tí Ìyá Ọ̀gá bá yíjú pa dà, wọn ò ní fọwọ́ kan aṣọ náà títí ẹni yẹn á fi rọra sọ tẹnu rẹ̀ tán. Bàbá Áyọ́ọ̀nù pàápàá ní sísọ́ọ̀sì tirẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí nìkan, bẹ́ẹ̀ èékánná ló fi ń gé níjọ́ tó kù.

Ètò tó dára ni. Àfi pé láti bí ọdún mẹ́rin, sísọ́ọ̀sì kan ò là rí. Ìyá Ọ̀gá a máa fi yangàn fún àwọn oníbàárà. "Ẹnu wa kò níbí," á wí, á sì na ọwọ́ sí gbogbo wọn bí ẹni tó ń fi ọmọ hàn.

Ọjọ́ kẹjọ tí Gígùn dé ni iṣẹ́ ilé-ìwé kan wọlé. Ilé-ìwé náà ń ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì fẹ́ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ méjìlélógójì fún ẹgbẹ́ akọrin wọn, aṣọ àrán aláwọ̀ wáìnì. Ìyá Ọ̀gá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, ṣùgbọ́n kóòtù, ṣòkòtò àti yúnífọ́ọ̀mù ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àrán kì í yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó to bébà ìwọ̀n lé e, ó fi orí èyí síbi ẹsẹ̀ ìyẹn kí àyè má baà ṣòfò.

"Bí a bá tò ó báyìí, lórí sẹ́sẹ̀, gbogbo ẹ̀ á jáde nínú ìdì mẹ́fà," ló wí. "Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?" Ó wo ojú wọn yíká. "Ṣé ó dáa? Ó dọwọ́ yín."

Ó kọjú sí fèrèsé.

Ọwọ́ Bọ́tìnì wà lórí àrán náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rà á wálẹ̀, ó jọ̀lọ̀ bí ẹ̀yìn ológbò. Ó rà á sókè, irun aṣọ náà dìde, ó ń họ ọ́, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣú sí i lójú.  Bí irun apá kan bá kọjú sókè, tí ti apá kejì kọjú sísàlẹ̀, ṣé wọn á rí bákan náà lára ènìyàn? Ṣùgbọ́n ta ni òun, alábẹ́rẹ́ lásán, tí yóò kọ́ ẹni tó ti ń gé aṣọ kí wọ́n tó bí òun? Ó pa sísọ́ọ̀sì rẹ̀ dé.

Ó yẹ kó máa wolẹ̀ ni. Àmọ́ ta ló lè máa wolẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ẹni tó gba ọkàn rẹ̀ wà lórí tábìlì, tí kò ju ìwọ̀n ìka mẹ́ta lọ sí tirẹ̀? Ó yọjú wò ó. Sísọ́ọ̀sì Gígùn wà níbẹ̀, ó là gbàgà.

 Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Gígùn máa dúró ti tábìlì. Kò mọ àṣà, ni Bọ́tìnì wí nínú ara rẹ̀. Ó kàn ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Ọ̀gá á yíjú pa dà, á ní kó sọ̀rọ̀, kò ní ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ, Ìyàwó Tísà á sì fi í rẹ́rìn-ín fún odindi oṣù kan. Kò tún rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó na ìka kan ṣoṣo, ó ti eteetí irin náà, sísọ́ọ̀sì náà sì pa dé láìdún.

Gígùn wò ó. Bọ́tìnì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó fa ọmọ jáde lójú títì. Ọkùnrin náà ṣì ń wò ó, lẹ́yìn náà ló mi orí bí ẹni tó gbà, tó sì káwọ́ sẹ́yìn.

Ìyá Ọ̀gá yíjú pa dà. Sísọ́ọ̀sì mẹ́rin, gbogbo ẹ̀ pa dé. "Ẹnu wa kò," ló wí. "Ẹ gé e."

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e dùn. Gígùn ń gé, Ìyàwó Tísà ń rán, Bọ́tìnì ń ká etí. Bí Gígùn bá fẹ́ gbé aṣọ kọjá lẹ́yìn àga rẹ̀, á kọ́kọ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọjá," torí pé Bọ́tìnì ló bá níbi iṣẹ́, Bọ́tìnì á sì máa rẹ́rìn-ín sínú òwú. Nígbà tó máa di òpin ọ̀sẹ̀, "ẹ" ti di "o" lẹ́nu Gígùn. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan sí i, àmọ́ Bàbá Áyọ́ọ̀nù ń húkọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti gé méjèèjìlélógójì tán, wọ́n sì ti rán mẹ́sàn-án, nígbà tí Bàbá gbé èyí tó kọ́kọ́ lọ̀ kọ́ sójú fèrèsé. Oòrùn wọlé. Iwájú apá ọ̀tún dúdú dáadáa bí wáìnì inú ìgò. Iwájú apá òsì pupa rúsúrúsú, bí wáìnì tí wọ́n bu omi là. Wọ́n mú èkejì wá. Bákan náà. Wọ́n mú ìkẹta.

"Yéè!" ni Ìyàwó Tísà ké. "Aṣọ kan, ojú méjì!"

"Bóyá kí akọrin méjì máa pín ọ̀kan wọ̀," ni Bàbá Áyọ́ọ̀nù wí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, òun náà kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ọ̀gá jókòó. Gígùn ló kọjú sí.

"Ìwọ tí o ti gé aṣọ níbi ńlá. Ṣé o ò mọ̀ pé àrán ní irun ni?"

"Mo mọ̀, mà."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"O mọ̀, o sì pa sísọ́ọ̀sì rẹ dé."

Gígùn kò wo ẹnikẹ́ni. "Ó pa dé, mà," ló wí.

Bọ́tìnì tún ọ̀rọ̀ náà sọ nínú ara rẹ̀. Ó pa dé. Kò sọ pé òun pa á dé.

"Mi ò bá ọ jà torí pé o gé e," ni Ìyá Ọ̀gá ń wí. "Èmi ni mo ní kí o gé e. Ohun tó dùn mí ni pé o rí kòtò, o dákẹ́, o jẹ́ kí gbogbo wa wọ inú rẹ̀. Ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ò lè bá wa dúró ti tábìlì yìí. Jẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì jẹ́ òpin."

"Ẹ jẹ́ ká fi sísọ́ọ̀sì sí i, mà," ni Bàbá Áyọ́ọ̀nù rọra wí.

"Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tábìlì." Ìyá Ọ̀gá dìde, ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ pe ilé-ìwé náà lórí fóònù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bọ́tìnì sáré tẹ̀ lé Gígùn. Ó bá a nígun títì, níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?"

"Kí n sọ kí ni?"

"Pé èmi ni! Pé ọwọ́ mi ni!"

Gígùn wo bàtà rẹ̀. "Níbi tí mo ti ń bọ̀, ẹnu mi ló lé mi kúrò. Gbogbo ọ̀rọ̀ ni mò ń dá sí. Nígbà tí mo máa wá síbí, mo ti bá ara mi sọ ọ́ pé màá rọra. Mo wá rí bí wọ́n ṣe to bébà yẹn, mo ní rárá, èyí ò ṣeé dákẹ́ sí. Mo la sísọ́ọ̀sì mi. Ọwọ́ rẹ wá dé. Mo ní, ọmọbìnrin yìí ti pẹ́ nílé yìí, ó mọ ohun tí mi ò mọ̀. Bó bá ní kí n pa ẹnu mọ́, á jẹ́ pé ó ń gbà mí lọ́wọ́ nǹkan ni."

"Mo rò pé ẹ ò mọ àṣà wa ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín."

"Bàbá ti là á yé mi lọ́jọ́ tí mo dé."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"O ò bi mí," ni Gígùn wí. "Èmi náà ò sì bi ọ́. Mo wo ìka rẹ, mo túmọ̀ rẹ̀ fúnra mi, mo sì gba ìtumọ̀ mi gbọ́."

Ọkọ̀ kan dé, ó kún, ó lọ. Gígùn ní, "Gbọ́ mi. Máṣínì kẹta yẹn, ìwọ ló kàn. Má fi ọwọ́ ara rẹ bà á jẹ́. Màá rí iṣẹ́ níbòmíràn. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà láàárín àwa méjèèjì."

Nínú àwọn ìwé tí Bọ́tìnì ń kà, ibí yìí ló ti máa ń sunkún. Ọkùnrin á ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, á wọ ọkọ̀, ọmọbìnrin á sì dúró nínú òjò tí irun rẹ̀ ń kán tótó. Kò sí ojú ìwé tó ń dùn mọ́ ọn tó ìyẹn. Ṣùgbọ́n lórí igun títì náà, kò dùn. Kò gbọ́ nǹkan kan lára ju ìbínú lọ, ìbínú tó tutù, tó mọ́.

"Èmi pa tiyín dé lọ́jọ́sí," ló wí. "Ẹ̀yin náà wá fẹ́ pa tèmi dé lónìí."

 Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gbólóhùn tó gbó jù tí Bọ́tìnì sọ síta láti ọdún márùn-ún nìyẹn. Ó yí pa dà, ó fẹsẹ̀ rìn délé.

Ó mọ̀ pé bí òun bá dúró níwájú Ìyá Ọ̀gá, òun ò ní lè sọ ọ́ tán. Nítorí náà, lọ́jọ́rú, bó ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, ó jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, ó kọ lẹ́tà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, ń to aṣọ tó gbẹ. Ó yọjú wo bébà náà láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì kà á sókè.

"'Ìyá Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n, bí mo ti ń kọ ìwé yìí, ọkàn mi ń gbọ̀n bí ewé lójú afẹ́fẹ́, omijé sì bo ojú mi bí ìkùukùu...' Dákun, ta ló kú?"

"Àǹtí mi, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Ojú ìwé mẹ́ta! O sọ̀rọ̀ oṣù, o sọ̀rọ̀ ìràwọ̀, o tún sọ̀rọ̀ bí ọrùn ẹnì kan ṣe gùn. Kí lo ṣe gan-an tí o fi ń bẹ̀bẹ̀? Mo kà á tán, mi ò rí i níbẹ̀."

Bọ́tìnì gba bébà náà, òun náà kà á. Lóòótọ́, kò sí níbẹ̀. Ó ti kó ọ̀rọ̀ dídùn jọ bo ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fà á ya. Ó mú bébà mìíràn, ó pẹ́ tó ti wò ó, nígbà tó sì máa kọ ọ́, kò kọ jù báyìí lọ:

*Ẹ kú iṣẹ́, mà. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gé àrán, Gígùn la sísọ́ọ̀sì rẹ̀ kí ó lè sọ̀rọ̀. Èmi ni mo fi ìka mi pa á dé nígbà tí ẹ kọjú sí fèrèsé. Mo rò pé kò mọ àṣà wa. Mi ò bi í. Èmi náà fọwọ́ ra irun àrán náà, ó ṣe mí bákan, mo sì pa tèmi dé. Kò dákẹ́, mà. Èmi ni mo mú un dákẹ́.*

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà á. Kò fi í ṣẹ̀sín mọ́. "Wọ́n lè lé ọ o," ló wí.

"Mo mọ̀."

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́tà náà wà nínú báàgì rẹ̀, ó ń wúwo bí áyọ́ọ̀nù. Láàárọ̀, Ìyá Ọ̀gá wà lórí fóònù. Kó tó di ọ̀sán, oníbàárà wà níbẹ̀. Nígbà kan, Bọ́tìnì rí àyè, ó fi lẹ́tà náà sábẹ́ téèpù Ìyá Ọ̀gá lórí tábìlì, ó sì rìn lọ. Kò dé àga rẹ̀ tó fi sáré pa dà lọ mú un. Ìyàwó Tísà ń wò ó.

"Kí lo ń mú káàkiri bẹ́ẹ̀? Bó bá jẹ́ lẹ́tà ìfẹ́, ọ̀gbẹ́ni tó ni ín ń bẹ lọ́hùn-ún, orí rẹ̀ ti fẹ́ kan àjà."

Nígbà tí wọ́n ń jẹun ọ̀sán, tí Gígùn bọ́ síta, Bọ́tìnì bi Bàbá Áyọ́ọ̀nù léèrè. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó bi í.

"Bàbá, lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé àrán ní irun?"

Bàbá fi ṣíbí lélẹ̀. "Ọmọ mi, ta ló máa mọ irun aṣọ tó ẹni tó ń lọ̀ ọ́?"

"Kí ló wá dé tí ẹ ò la tiyín?"

"Agéṣọ wà níbẹ̀," ni Bàbá wí. Àwàdà ti kúrò lójú rẹ̀. "Mo ní iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Bó bá burú, òun ló yẹ kó sọ. Mo wo tirẹ̀ nígbà tí ìyá yíjú pa dà, ó pa dé. Mo ní, á jẹ́ pé mo ti darúgbó nìyẹn."

Ìyàwó Tísà ti dákẹ́ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ìyẹn gan-an tó ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rù. "Èmi náà mọ̀ nípa irun àrán náà," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ṣebí gbogbo yín lẹ máa ń sọ pé ẹnu mi pọ̀. Ọkọ mi ń sọ ọ́ nílé, ẹ̀ ń sọ ọ́ níbí. Mo ní kí n dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ lè mọ̀ pé mo lè dákẹ́. Àbí ẹ ò rí irú ọjọ́ tí mo wá mú."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹni mẹ́rin ló dúró ti tábìlì náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì mọ̀. Ìyẹn ni wọ́n ti ń pè ní ẹnu wa kò láti ọdún mẹ́rin. Bọ́tìnì ti máa ń rò pé àlàáfíà ni. Báyìí ó rí i bí ìlà àwọn ènìyàn tí kálukú wọn sá sẹ́yìn ẹlòmíràn, tí kò wá sẹ́ni tó wà níwájú.

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá Ìyá Ọ̀gá," ni Bọ́tìnì wí.

Bàbá nu ẹnu rẹ̀. "Ìwọ kọ́kọ́ lọ ná."

"Bí o bá ti lọ, màá tẹ̀ lé ọ," ni Ìyàwó Tísà wí, kò sì jọ irọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ kò dìde.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bọ́tìnì dé ibi iṣẹ́ kí ẹlòmíràn tó dé. Ó rò pé òun ni yóò dá ilé ṣí, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí. Ìyá Ọ̀gá nìkan ló wà nídìí tábìlì, kò tíì bọ́ kóòtù tó wọ̀ wá láti ilé. Ó tẹ́ ègé àrán kan síwájú, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ rà á lọ, rà á bọ̀. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ń wọlé, àrán náà ń ṣú, ó ń mọ́, ó ń ṣú.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Wá," ni Ìyá Ọ̀gá wí láìgbójú. "Fọwọ́ rà á sókè. Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń họni?"

"Mo gbọ́, mà."

"Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn náà." Ó ṣì ń ra aṣọ náà. "Mo gbọ́ ọ, ara mi ò gbà á. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún àwọn ará ilé-ìwé náà pé ìdì mẹ́fà á tó, ojú sì ń tì mí láti pa dà lọ sọ pé mo ṣì í. Mo bi yín. Mo tún bi yín. Ṣé o rántí pé mo bi yín lẹ́ẹ̀mejì?"

"Mo rántí, mà."

"N kì í bi yín lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá kọjú síbẹ̀ yẹn," ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí fèrèsé, "mo ń sọ nínú ara mi pé kí ẹnì kan ṣáà là á. Ẹnikẹ́ni. Kó gbà mí lọ́wọ́ ara mi. Mo yíjú pa dà, gbogbo ẹ̀ pa dé." Ó tún ra àrán náà sókè. "Bóyá ọmọkùnrin yẹn ni mò ń bínú sí, bóyá ara mi ni, mi ò mọ̀ mọ́. Ẹni mẹ́rin, kò sẹ́ni tó là á."

Bọ́tìnì gbọ́ ohùn kan nínú yàrá náà, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé ti òun ni.

"Ẹnì kan là á, mà."

Ọwọ́ Ìyá Ọ̀gá dúró lórí àrán. Ó gbójú sókè. "Kí lo wí?"

"Ẹnì kan là á. Èmi ni mo..."

Kò lè sọ ọ́ tán, gẹ́gẹ́ bó ṣe mọ̀ pé yóò rí. Níta, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ lórí títì, ẹsẹ̀ gígùn tí kò yára, ó sì mọ ẹni tó ni ín. Ó na ọwọ́ sínú báàgì rẹ̀. Lẹ́tà náà ti rún, igun rẹ̀ kan ti ká. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sókè.

Ìyá Ọ̀gá gbà á, ó ṣí i. Bọ́tìnì ò dìde, kò sì sá wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Ó wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ wà lójú Ìyá Ọ̀gá, ó ń dúró de ohun tí ìyá náà máa bi í, kó lè fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn.